Zoom H1essential lórí ohùn ìyá àgbà: ẹ̀rọ tó gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tó sì gbọ́ ẹ̀rín

Ohùn ìyá àgbà kì í dúró sójú kan. Ẹni ọdún 85 lè máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti bú sẹ́rìn-ín, ó ti pàtẹ́wọ́, ó ti dá orin tí wọ́n ń kọ nígbà tó wà lọ́mọge. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ti ròkè, ó sì tún ti lọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí èèyàn ní láti máa yí bọ́tìnnì rẹ̀ sókè sódò ló wà níwájú rẹ̀, ọmọ ọmọ tó ń yí bọ́tìnnì kò ní gbọ́ ìtàn mọ́, ìyá náà á sì rí i lójú rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ojú yìí la fi wo Zoom H1essential, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan. A ò yẹ̀ ẹ́ wò fún olórin, a ò sì yẹ̀ ẹ́ wò fún oníròyìn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo la gbé lé e lọ́wọ́: kí ó gba ìtàn ayé ìyá àgbà sílẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ ọ́.

Ẹ̀rọ tó yẹ iṣẹ́ yìí ni. Àmọ́ ibi méjì wà tó ti lè já ẹni tó rà á láìbéèrè kulẹ̀: irú fáìlì tó ń ṣe, àti irú máíkì tí ihò rẹ̀ ń gbà. A máa dé ibẹ̀.

Zoom tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì o. Iléeṣẹ́ kan nílùú Tokyo ni, ó sì ti wà láti ọdún 1983. H1 wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2010, H1n tẹ̀ lé e ní 2018, H1essential sì dé ní 2024 pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, H4essential àti H6essential. Ike ni ara rẹ̀, ó fúyẹ́, ó ṣeé fi sápò ẹ̀wù. Máíkì méjì ló wà lórí rẹ̀ nínú ààbò kékeré kan, wọ́n dábùú ara wọn ní igun 90 bí àlùmọ́gàjí tí a ṣí. Bátìrì AAA méjì ló ń lò, tó bá sì jẹ́ alkaline, ó lè gbé e tó wákàtí 10. Orí káàdì microSD ló ń kó ohùn sí, ó sì ń gba èyí tó tóbi tó 1 TB. Ṣùgbọ́n kò sí káàdì nínú páálí rẹ̀, kò sì ní ibi ìpamọ́ kankan nínú ara. Ẹni tó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà láìra káàdì ti rin ìrìn àjò lásán.

Nǹkan kan wà lára rẹ̀ tí a fẹ́ràn ju bí wọ́n ṣe ń sọ nípa rẹ̀ lọ: ẹ̀rọ náà ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá tan ìtọ́sọ́nà olóhùn rẹ̀, ó máa ń pe orúkọ ohun tí ẹ tẹ̀ jáde. Wọ́n ṣe é fún àwọn tí kò ríran dáadáa, àmọ́ ó bá àwọn àgbàlagbà náà mu. Àwọn ìyá àgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu wọn bí ẹnikẹ́ni bá jókòó tì wọ́n. Ó di òru, nígbà tí oorun bá dá lójú wọn. Ẹ lè gbé ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi bọ́tìnnì pupa kan ṣoṣo hàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ife tí kò ní etí

Ohun tó mú H1essential yàtọ̀ ni pé kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń pinnu bí ohùn tó ń wọlé ṣe máa lágbára tó. 32-bit float ni orúkọ ọ̀nà tó ń gbà kọ ohùn sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ àtijọ́ wé ife. Kí ẹ tó gbé ife sábẹ́ omi, ẹ ní láti mọ bí omi tó ń bọ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Bí ìyá àgbà bá bú sẹ́rìn-ín lójijì, ife á kún àkúnwọ́sílẹ̀, ohùn náà á fọ́, kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe mọ́ torí pé ohun tó dà nù ti dà nù. Bí ẹ bá tìtorí ẹ̀rín yan ife ràgàjì, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ á kàn wà nísàlẹ̀ ife bí ìrì. Nígbà tí ẹ bá gbé e sókè lórí kọ̀ǹpútà, ariwo ṣàà ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á gòkè pẹ̀lú rẹ̀.

32-bit float kò ní etí ife. Ohùn tó ròkè kò ní ibi tí wọ́n ti máa gé e lórí nínú fáìlì, èyí tó sì lọ sílẹ̀ ṣì ní gbogbo ara rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa, ẹ gbàgbé ẹ̀rọ, ẹ wo ojú ìyá yín. Lẹ́yìn náà, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fa ibi tó rẹlẹ̀ sókè, ẹ tẹ ibi tó ròkè sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì lè fọ́ ohùn ni máíkì fúnra rẹ̀, tí agbára rẹ̀ tán sí 120 dB (decibel, òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó). Kò sí ìyá àgbà tó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ bí wọ́n bá sọ fún yín pé float ń tún gbogbo nǹkan ṣe, irọ́ ni. Kì í lé ariwo fáànù jáde. Kì í sì sún máíkì mọ́ ẹnu. Ohun tó ń ba ohùn ìyá àgbà jẹ́ jù ni pé wọ́n gbé ẹ̀rọ jìnnà sí i nítorí pé wọn ò fẹ́ dà á láàmú. Nígbàkigbà tí ẹ bá sọ jíjìnnà yẹn di ìlọ́po méjì, ohùn rẹ̀ ń fi nǹkan bí 6 dB dínkù, ariwo yàrá kò sì yẹsẹ̀. Láti 25 cm sí 50 cm, 6 dB ti lọ. Láti 50 cm sí mítà kan, 6 dB mìíràn tún lọ. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tó wà ní mítà kan ti pàdánù 12 dB lára ohùn ìyá yín, float kò sì lè dá a padà láìgbé ariwo fáànù dání. Ẹ na àtàǹpàkò yín àti ìka kékeré: bí ọwọ́ yẹn ṣe gùn tó, tàbí kó fi díẹ̀ lé e, ni kí ó wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti ẹ̀rọ. Kó wà nísàlẹ̀ díẹ̀, kó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí èémí má bàa máa fẹ́ lu máíkì. Bọ́tìnnì kan wà tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò. Ẹ tàn án. Ohùn obìnrin kò dé ìsàlẹ̀ yẹn, kíkùn fáànù àti ti ọkọ̀ ojú títì ló máa gé.

Ẹ má gbé e lélẹ̀ gbọrọgandan sórí tábìlì. Ara ike rẹ̀ ń gbé gbogbo ìró wọlé: ife tí wọ́n gbé kalẹ̀, ọwọ́ tó ń lu tábìlì, ìka tó ń yí ara ẹ̀rọ. Ihò ìdè wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹsẹ̀ mẹ́ta kékeré tí wọ́n fi ń gbé kámẹ́rà dúró. Bí kò bá sí ẹsẹ̀, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sí mẹ́rin, ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé e. A ò gbà yín níyànjú láti fà á lé ìyá àgbà lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tó bá fi ìka ra á ló máa dún bí àrá.

Yàrá àti àga

Ibi tí ẹ bá jókòó sí ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ. Yàrá ìsùn ló dára jù nítorí pé bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti kọ́tìnnì ń gbé ohùn mì, nígbà tí pálọ̀ onítáìsì ń dá a padà. Ẹ yọ aago ara ògiri jáde. Ẹ pa fáànù. Fíríìjì tó wà nítòsí ń kùn láìjẹ́ pé etí tó ti mọ́ ọn lára gbọ́ ọ, ẹ pa òun náà. Ọgbọ́n àwọn tó ń fi gbígba ohùn jẹun ni pé kí ẹ ju kọ́kọ́rọ́ ilé yín sínú rẹ̀ kí ẹ tó pa á. Ẹ ò lè lọ sílé láìrántí tàn án padà.

Ẹ jẹ́ kí ó jókòó sórí àga tó ti mọ́ ọn lára, àfi bó bá ń dún kẹ́kẹ́. Bí ó bá ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ má yọ ọ́, torí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè kò ní dáhùn dáadáa. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ etí tó gbọ́ jù, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí orí rẹ̀ má bàa máa yí kúrò níwájú máíkì nígbàkigbà tó bá fẹ́ wò yín. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń fọn fèrè bí nǹkan bá bò ó, irọ̀rí ẹ̀yìn àga ló sì sábà máa ń fà á. Eyín àtọwọ́dá tó ń dún ṣáká ṣáká kò ní oògùn púpọ̀ ju omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Ẹnu gbígbẹ ló ń dá kún un.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ni kí ẹ ti parí. Ẹ ṣètò ọjọ́ àti aago ẹ̀rọ, torí òun lẹ máa fi mọ ọjọ́ tí ìtàn wáyé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó sì lè ti padà sẹ́yìn bí ẹ bá ti yọ bátìrì fún ìgbà pípẹ́. Ẹ sọ irú bátìrì tí ẹ fi sí i fún un, yálà alkaline, Ni-MH (èyí tó ṣeé gba iná sí) tàbí lithium. Bí ẹ ò bá ṣe é, àmì bátìrì ojú rẹ̀ á máa parọ́: Ni-MH tó kún á dà bíi pé ó ń tán, lithium tó fẹ́ kú á dà bíi pé ó kún. Ẹ sì nu káàdì tuntun mọ́ nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ ìjókòó gígùn, ẹ fi okùn USB-C so ó mọ́ páwà báǹkì. Kò sóhun tó ń ba fáìlì jẹ́ bíi kí iná kú tàbí kí wọ́n yọ káàdì nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń kọ.

Ihò máíkì

Ihò 3.5 mm wà lára rẹ̀ fún máíkì àlẹ̀máyà, àwọn máíkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ. Fún ìyá tó ń mì orí tàbí tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, irú máíkì yìí dára ju ti ara ẹ̀rọ lọ. Ibi tó yẹ kó wà ni ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì sísàlẹ̀ àgbọ̀n, jìnnà sí ẹ̀gbà ọrùn. Ẹ̀gbà ọrùn kan ṣoṣo tó ń gbá a tó láti ba wákàtí kan jẹ́.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Púpọ̀ nínú máíkì àlẹ̀máyà tó wà lórí àtẹ ni wọ́n ṣe fún fóònù, H1essential kò sì gbà wọ́n dáadáa. Ẹ wo irin orí okùn rẹ̀: bí ìlà dúdú mẹ́ta bá yí i ká, ti fóònù ni, TRRS. Bó bá jẹ́ méjì, TRS, ó bá ẹ̀rọ yìí mu. Èyí tó ní ìlà mẹ́ta lè má dún rárá, tàbí kó dún bíi pé ìyá àgbà wà nínú kànga, ẹni tó rà á á sì máa bú ẹ̀rọ tí kò jẹ̀bi. Okùn kékeré kan wà tó ń sọ ìlà mẹ́ta di méjì. Ẹ béèrè èyí tó ń sọ TRRS di TRS, torí ìdàkejì rẹ̀ náà wà lórí àtẹ. Ẹ sì rántí pé bí ẹ bá ti ki máíkì bọ ihò, máíkì méjì orí ẹ̀rọ ti dákẹ́ nìyẹn. Ìbéèrè yín á máa dún láti òkèèrè. Ìyẹn kò burú. Ohùn ẹlòmíràn là ń wá.

Fáìlì tí kò fẹ́ ṣí

WAV 32-bit float nìkan, irú fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀, ni H1essential ń ṣe. H1n tó ṣáájú rẹ̀ lè ṣe MP3, èyí kò lè ṣe é. Ní 48 kHz (ó ń wọn ohùn nígbà ẹgbẹ̀rún 48 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ohùn méjì, òsì àti ọ̀tún, ìṣẹ́jú kan ń gba nǹkan bí 23 MB, wákàtí kan ń gba nǹkan bí 1.4 GB. Káàdì 32 GB á gba nǹkan bí wákàtí 23, ó sì pọ̀ tó. Ẹ má yan 96 kHz: ó ń sọ fáìlì di ìlọ́po méjì, kò sì sí nǹkan kan nínú ohùn àgbàlagbà tó máa fi í gbé jáde.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí. Àwọn fóònù kan kì í ṣí irú WAV yìí, àwọn mìíràn ṣí i ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé ẹ̀gbọ́n tó wà lókèèrè á ní kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ẹ ò tíì gbé ohùn sókè ni. Audacity ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fa fáìlì sínú rẹ̀, ẹ yan gbogbo rẹ̀, ẹ lo Normalize kí orí ohùn gòkè dé −1 dB. Bí ẹ̀rín kan ṣoṣo bá ń dí ìyókù lọ́wọ́ láti gòkè, ẹ yan ẹ̀rín náà nìkan, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 6 tàbí 8 dB, kí ẹ tún Normalize ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì: FLAC 24-bit (irú fáìlì tó ń fún ohùn pọ̀ láìbà á jẹ́) fún ìpamọ́, MP3 128 kbps fún ẹbí. MP3 yẹn kò ju nǹkan bí 58 MB lọ fún wákàtí kan. WAV àkọ́kọ́ tó ti inú ẹ̀rọ wá, ẹ má fọwọ́ kàn án láé.

Ẹ tètè kó o kúrò lórí káàdì. Ẹ̀dà mẹ́ta ló yẹ kí ó wà, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn. Orúkọ fáìlì kí ó jẹ́ ọjọ́ àti kókó ọ̀rọ̀, bí àpẹẹrẹ 2025-03-09_ile-ti-won-ti-to-o. Ẹ má fi àmì ohùn sínú orúkọ fáìlì, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń kà á bó ṣe yẹ.

Kíkọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ńlá: wákàtí ohùn kan ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ kì í parí rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n pa ohùn tì nítorí ìwé tí wọn ò kọ tán. Ẹ kàn ṣe àtẹ: ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó dárúkọ àti ibi tó dárúkọ. Wákàtí kan ti tó fún wákàtí kan.

Ìbéèrè, díẹ̀ níbẹ̀

Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, àmọ́ ẹ̀rọ tó dára kò lè gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ kó sọ ọ́ di ìtàn. “Ẹ sọ ìtàn ayé yín fún wa” ló ń bí “kí ni mo fẹ́ sọ, ọmọ mi?” Ẹ béèrè ohun tó ṣeé rí: yàrá mélòó ló wà nílé tí wọ́n bí yín sí, màmá, ta ló sì ń sùn níbo? Ohun tí àwọn àgbàlagbà ń rántí jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 10 sí 30 ọjọ́ orí wọn. Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí ti ṣàkíyèsí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí àrùn ìgbàgbé bá ti ń yọ́ wọlé, nítorí ti àìpẹ́ ló ń kọ́kọ́ ń lọ. Bó bá dákẹ́, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá nínú kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ ló sábà máa ń ṣeyebíye jù.

Bí ẹ bá ń wo fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, ẹ rántí pé ẹ̀rọ kò lójú. “Ẹni yìí ni Bàbá yín àgbà” kò wúlò fún ẹni tó máa gbọ́ ọ lọ́dún 2060. Ẹ tún un sọ fún un: “Èyí tó dúró lápá òsì, tó wọ fìlà, nínú fọ́tò kejìlá?” Ẹ fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn fọ́tò náà, má ṣe fi báírò, báírò ń tẹ fọ́tò kọjá sójú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìjókòó, ẹ sọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, ibi tí ẹ wà àti àwọn tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ó gbà kí àwọn mìíràn gbọ́. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Bó bá ní “èyí ò kan àwọn yòókù,” ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ fáìlì tuntun fún ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹ lè pa á mọ́ lọ́tọ̀ láìgé ìyókù. Ìṣẹ́jú 45 sí 60 ti tó lẹ́ẹ̀kan. Òwúrọ̀ dára ju ìrọ̀lẹ́ lọ.

Ṣé fóònù kò tó ni?

Ó tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, a ò ní fi bò. Bí ìyá àgbà bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìwòsàn lónìí, ẹ má dúró de ẹ̀rọ kankan. Ẹ yọ fóònù, ẹ tan airplane mode rẹ̀ kí ìpè má bàa dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀, ẹ sún un mọ́ ẹnu rẹ̀ bí a ṣe wí. Lórí iPhone, ẹ lọ sí ètò Voice Memos kí ẹ yí ohùn láti Compressed sí Lossless. Ọ̀pọ̀ fóònù Samsung ní Interview nínú Voice Recorder wọn, èyí tó ń gbọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ fóònù fún ẹni méjì tó kọjú síra. Ibi tí fóònù ti ń jẹ́ kí H1essential borí ni pé àwọn fóònù mìíràn gbà pé ìdákẹ́jẹ́ àti ohùn jẹ́jẹ́ jẹ́ ariwo, wọ́n á sì máa fà á sókè fà á sódò títí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ìyá àgbà á fi dà bí ẹni tó ń rì tó ń yọ. Ibòmíràn ni ojú fóònù fúnra rẹ̀. Ìyá tó bá rí fóònù lọ́wọ́ yín rò pé ẹ ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó dákẹ́ sórí táwẹ́ẹ̀lì, á gbàgbé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹni tó bá ti ní H1n kó má rà á. Kó gbé bọ́tìnnì agbára ohùn sí ibi tí ọ̀rọ̀ lásán ti ń dé −12 dB, kó tan limiter (ohun tó ń dá ohùn dúró kó má bàa ròkè jù), iṣẹ́ ti parí.

Bó bá ti lọ

Àwọn tó ń ra ẹ̀rọ yìí lẹ́yìn tí ìyá ti kú pọ̀, wọn ò sì ṣìnà pátápátá. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè wà nínú àpótí tó ní ohùn rẹ̀, ihò 3.5 mm kan náà sì lè fà á jáde. Ẹ kọ́kọ́ já ike kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e. Ẹ wo fóòmù kékeré inú kásẹ́ẹ̀tì tó ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ: bó bá ti já, ohùn á máa wọlé jáde. Ẹ fi òwú àti ọtí isopropyl nu orí ẹ̀rọ tó ń kà á, kí ẹ yí kásẹ́ẹ̀tì síwájú dé òpin kí ẹ sì yí i padà, kó lè ká dáadáa. Okùn láti ihò íápíìsì ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wọ ihò H1essential, kí agbára ohùn ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sì wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Níbí, float kò dáàbò bò yín tán: bí ohùn tó ń bọ̀ bá le jù láti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, ó ti fọ́ kó tó wọlé. Ẹ dán ibi tó ròkè jù wò. Kásẹ́ẹ̀tì C60 ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ojú kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà sáré rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ olóhùn WhatsApp rẹ̀ náà wà. Bí wọn ò bá lo àkáǹtì kan fún 120 ọjọ́, WhatsApp sábà máa ń pa á rẹ́. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí yín ṣì wà lórí fóònù yín, àmọ́ títí di ìgbà tí fóònù yín bá bàjẹ́ ni. Lórí Android, ẹ wá àpò WhatsApp Voice Notes, fáìlì .opus tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PTT ni. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ wà lára orúkọ náà.

Fún ìjókòó ìrántí, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó. Ẹ yan ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín tàbí tó ti ń bá ọmọdé wí, ẹ má yan ibi tó ti ń gbàdúrà nìkan. Kí ẹ tó pa ẹ̀rọ ní gbogbo ìjókòó, ó yẹ kí ẹ ti gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá: òun ni Audacity máa fi mọ ariwo tó yẹ kó yọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ yíyọ ariwo náà láti 6 dB. Bí ẹ bá yọ ọ́ jù, ohùn rẹ̀ á dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi, èémí tó máa ń fà kó tó pe orúkọ yín á sì bá ariwo lọ.